Àbúrò mi ń jáde lẹ́wọ̀n lóṣù mẹ́ta sí i: ṣé lóòótọ́ ni pé ìwà ò lóògùn?

Ará_Akẹ̀sán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ níbí, mi ò kì í dá sí i, ṣùgbọ́n èyí ti ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ti lo ọdún méje lẹ́wọ̀n. Olè ni wọ́n torí ẹ̀ mú un, ó sì fi àdá ṣá ẹnì kan lápá lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ló kù kó jáde. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, oníṣẹ́ sàíkọ́lójì kan tó máa ń wá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ọgbà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n má bínú, àmì psychopath, ìyẹn ẹni tí kì í káàánú èèyàn, pọ̀ lára àbúrò mi, ewu sì wà pé yóò tún ṣe èèyàn léṣe. Ó ní ká wá ìtọ́jú fún un. Ibi tí wọ́n ti ń rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kò sọ.

Mo délé mo sọ fún bàbá wa. Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń yọ ìdí kajú. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ló lóògùn, ìwà nìkan ni ò lóògùn. Wọ́n rán mi létí ọjọ́ tí ọmọ náà, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, fi òkúta fọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ará ilé wa. Gbogbo ilé ń pariwo. Òun dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ìtọ́jú wà fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, àbí ẹni yẹn kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú ni?

Ajílété

Arábìnrin, bàbá yín ti sọ̀rọ̀ tán. Àgbà kì í ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a gba yàrá sí ìlú míràn, ẹ fún un ní owó oṣù kan, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́ torí ìkà o. Ẹ̀yin náà ní ọmọ nílé, ẹ ò sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Tákíè

Ajílété, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ń sunkún sọ̀rọ̀ nìyẹn? Àǹtí, ẹ má sọkún. Ọlọ́run tó pe Sọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan wà níbí tó ń ṣiṣẹ́ sàíkọ́lójì, ó ti bá wa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kì í sùn rí. Onísàíkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o.

OníSàíkọ́

Mo ti dé, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n yọ ẹ̀gún kan kúrò lọ́nà kí n tó dáhùn. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní abẹ́rẹ́.

Psychopath kì í ṣe wèrè. Kò sí ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí, kì í já sí ìhòòhò. Tí ẹ bá gbé e lọ sí Àrò lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lédè wa, lójú tèmi, ni *ọ̀dájú*. Ọ̀dájú mọ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Bí ẹ bá bi í, yóò kà á fún yín láìfò kan. Kò kàn dùn ún ni.

Ní 1941, Hervey Cleckley, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe irú wọn: ẹnu wọn dùn, orí wọn pé, ara wọn balẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Robert Hare, ará Kánádà, ṣe ìwé àyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Kókó 20 ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba òdo, 1 tàbí 2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba 30 sókè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní Yúróòpù ń lo 25. Apá kan nínú àwọn kókó náà ń wo ọkàn: irọ́, ẹ̀tàn, ìgbéraga, àìláàánú. Apá kejì ń wo ìgbé ayé: ìwàǹwára, jíjẹ́ ìmẹ̀lẹ́ lórí owó ẹlòmíràn, ìyọnu láti kékeré, títẹ òfin lójú lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀daràn ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 15 sí 25 nínú 100 ni. Nítorí náà, ẹ padà lọ bi ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀: ṣé ó ka fáìlì àbúrò yín? Ṣé wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò yẹn? Ẹni tó kàn bá a jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tíì ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀dájú nìkan kò tó, torí ibẹ̀ gan-an ló ti mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ní ti òwe bàbá: ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Mi ò tíì rí ìtọ́jú tó ń bu àánú sínú ọkàn àgbàlagbà bí ẹni ń bu omi sí àmù. Ọwọ́ tó mú àdá ni ìtọ́jú tó dára ń bá wí. Bí ọwọ́ náà kò bá mú àdá mọ́, kí ọkàn máa gbé ibi tó bá fẹ́.

Wọ́dà_Tó_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Onísàíkọ́. Mo wọ káakí fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mo fẹ́ sọ èyí tí ojú mi rí.

A ní ẹnì kan ní ọgbà kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò sí ẹni tó mọ ẹkún sun tó o. Bí pásítọ̀ bá ti ṣí Bíbélì, omi ti kún ojú ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di aṣáájú àdúrà nínú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó yá, àwọn kan wá ń ṣe kánsẹ́lìn oníjòkòó-yípo: wọn á jókòó, kálukú á sọ ohun tó ń dùn ún. Ọkùnrin yìí á gbọ́ tọkàntọkàn, á máa gbọn orí. Ẹ wò ó, láàárín oṣù méjì ó ti mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń yan àlè, ó mọ ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbọ́ nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba gaàrí àti owó ìpè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá kọ̀, àṣírí á tú. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ èmi fúnra mi kí n tó ṣe ohunkóhun fún un. Lọ́jọ́ tó pè wọ́n tẹ̀léra tẹ̀léra, tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, mi ò sùn.

Àwọn tó ń ṣe kánsẹ́lìn kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló yí padà jù.

Ajílété

Ẹ ṣeun, Bàbá Wọ́dà. Mo tiẹ̀ lọ wá a kà, kí wọ́n má baà sọ pé òwe nìkan ni mo mọ̀. Ní Kánádà, ilé ìwòsàn Oak Ridge tó wà ní Penetanguishene kó wọn jọ, wọ́n tọ́jú wọn fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1992, Rice, Harris àti Cormier tẹ ìwé jáde nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Psychopath tí wọ́n tọ́jú: 77 nínú 100 ló tún hu ìwà ipá. Psychopath tí wọn ò tọ́jú: 55. Ìtọ́jú náà ló pọ́n ọ̀bẹ fún wọn! Onísàíkọ́, ẹ dáhùn.

OníSàíkọ́

Òótọ́ ni ìṣirò yẹn, ẹ sì kú iṣẹ́ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹ ò kà á dé ìsàlẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe psychopath, tí wọ́n gba ìtọ́jú kan náà níbẹ̀, 22 nínú 100 ló padà sí ìwà ipá. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn ò tọ́jú jẹ́ 39. Ohun tó ran ẹnì kan lọ́wọ́ ló ba ẹnì kejì jẹ́.

Kí ni ohun náà? Ẹ jókòó o. Láàárín àwọn ọdún 1960 àti 1970, dókítà Elliott Barker gbà pé bí àwọn aláìsàn bá ń tọ́jú ara wọn, tí wọ́n bá tú ara wọn sílẹ̀ fún ara wọn pátápátá, ìwòsàn á dé. Wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Wọ́n bọ́ wọn sí ìhòòhò, wọ́n tì wọ́n mọ́bẹ̀ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ olómi láti inú ihò ògiri. Wọ́n fún àwọn kan ní LSD, oògùn tó ń mú èèyàn rí ohun tí kò sí. Òṣìṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn aláìsàn ló ń darí ara wọn, wọ́n tún ń pinnu ìyà tí wọ́n máa fi jẹ ara wọn. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Ontario dá àwọn tí wọ́n ṣe é fún láre.

Ẹ fi wé ìtàn Bàbá Wọ́dà. Ọ̀dájú jókòó láàárín àwọn tó ń tú ọkàn wọn síta, ó ń kọ́ bí ọkàn èèyàn ṣe rí, láti mọ ibi tí yóò ti fà á. Ẹ kọ́ olè ní bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́kọ́rọ́, ẹ wá ń bínú pé ó ṣí ilẹ̀kùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1992, àwọn èèyàn mú ìwé yẹn dání bí ìdájọ́ ikú: ẹ má tọ́jú wọn mọ́. Níbi púpọ̀, bí àmì àyẹ̀wò rẹ bá ga, wọn ò ní gbà ọ́ sínú ètò ìtọ́jú rárá. Èyí ló ń bí mi nínú. Ọbẹ̀ ẹnì kan ta jù, gbogbo ìlú wá fi ata ṣe èèwọ̀.

Onímọ́tò_Owódé

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ìbéèrè tí kò ní ìwé nínú.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń ná. Ní 2019 wọ́n dá mi dúró lálẹ́, àwọn oníṣòwò tòmátì ni mo gbé. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́yìn etí. Etí òsì mi kò gbọ́rọ̀ dáadáa títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wà nílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì ń gbọ́. Etí tí kò gbọ́rọ̀ yẹn gan-an ló ń gbọ́ ọ.

Owó tí mo fi tọ́jú etí, àpò mi ló ti wá. Ta ló fẹ́ san owó kí wọ́n máa bá ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn jókòó lórí àga, kí wọ́n máa bi í pé báwo ló ṣe rí lára ẹ?

Ará_Akẹ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tí àbúrò mi ṣá lápá, télọ̀ ni. Mo mọ ilé wọn. Mo máa ń gba ọ̀nà míràn.

OníSàíkọ́

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí etí yín. N ó kàn sọ ti ilé kan fún yín.

Ní Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, wọ́n ṣí ibì kan ní 1995, wọ́n ń pè é ní Mendota. Àwọn ọmọkùnrin tí ọgbà ọmọdé ọ̀daràn ò rí ṣe ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀: àwọn tó ń lu wọ́dà, tó ń da ìgbẹ́ lù wọ́n. Níbi tí wọ́n ti wá, bí ọmọ bá ṣe àìdáa, wọn á tì í mọ́ yàrá; á burú sí i; wọn á tún fi kún un. Ìyà ń bí agídí, agídí ń bí ìyà, títí ọmọ ò fi ní nǹkan kan mọ́ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ní Mendota, wọ́n ní kí okùn yẹn já. Wọ́n ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ bó tiẹ̀ ń bú wọn. Wọ́n ní ètò kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Òní-àti-Ọ̀la: bí o bá ṣe dáadáa lónìí, ohun tó wù ọ́ á tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́la. Kì í ṣe lóṣù tó ń bọ̀ o. Lọ́la.

Michael Caldwell àti Gregory Van Rybroek tọpa àwọn ọmọ náà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n jáde, wọ́n fi wọ́n wé àwọn irú wọn tí kò gba ìtọ́jú náà tó. Àwọn tí kò gbà á pa èèyàn 16. Àwọn ọmọ Mendota kò pa ẹnì kan. Wọ́n tún ṣírò ọ̀rọ̀ owó, torí ẹ̀yin lẹ béèrè: dọ́là kan tí wọ́n ná síbẹ̀ fi nǹkan bíi dọ́là méje pamọ́ fún ìjọba.

Àwọn 16 yẹn ni ìdáhùn mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó rẹ́rìn-ín kọ́ ló jẹ mí lógún. Awakọ̀ tó máa bá a pàdé lẹ́yìn yín ni.

Onímọ́tò_Owódé

Mo gbọ́. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ajílété

Ọmọdé nìyẹn. Igi tútù ni wọ́n ń tẹ̀. Gbígbẹ ńkọ́?

OníSàíkọ́

Ó dáa. Saskatoon, Kánádà kan náà. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n àgbàlagbà, àwọn tí ìwà ipá wọn le jù. Stephen Wong, lẹ́yìn náà òun àti Mark Olver, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí mo gbójú lé jù. Ohun tí wọ́n sọ, bí èmi ṣe lè fi Yorùbá sọ ọ́, ni pé nǹkan méjì ló wà lára ọ̀dájú, ẹ má da wọ́n pọ̀.

Ẹnu dídùn, irọ́, àìláàánú: ìyẹn kì í sábà yí padà. Ẹ má fi ọdún ṣòfò lórí ẹ̀. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ má jẹ́ kó ba ìtọ́jú jẹ́. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kan kì í dá ṣe é. Gbogbo wọn ń sọ ohun tó sọ fún wọn fún ara wọn, kó má baà fi ti Rísíkátù bá Mọ́jí jà. Ìlà wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sún un nítorí omijé.

Ẹ̀ka kejì ni ohun tó ń gbé e dé ibi ìwà ipá: ọ̀rẹ́ burúkú, ọtí àti igbó, àìníṣẹ́, ìbínú wàràwàrà, èrò pé ẹni tó bá wò mí ń rí mi fín. Ìyẹn ń yí padà. Wọ́n á jọ tú ìwà ọ̀daràn rẹ̀ palẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀: ibo lo wà, ta ló wà níbẹ̀, kí lo mu, kí lo sọ lọ́kàn, nígbà wo lo gbé àdá. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi í dánra wò lórí ìjà kéékèèké tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà lójoojúmọ́. Wọ́n ní òṣùwọ̀n fún ìyípadà yẹn. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá yí padà gidi lórí òṣùwọ̀n náà kì í sábà padà sí ìwà ipá bíi ti ẹni tí kò yí, kódà bí àmì psychopath rẹ̀ bá ga.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ mi: *yí padà gidi*. Ìṣe ni wọ́n ń wọ̀n. Ọkùnrin Bàbá Wọ́dà tó ń sunkún ì bá gba òdo, torí nígbà tó ń sunkún náà ló ń gba gaàrí oní-gaàrí.

Wọ́dà_Tó_Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwa tá a wà ní àgọ́ mọ̀, àwa la ń rí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi wá. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Àǹtí. Ní ọgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe sàíkọ́lójì, òun náà ló ń tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá. Ibo ni Saskatoon tiwa wà?

Lọ́yà_Dùrùbà

Kò sí. Ẹ jẹ́ n fi tòfin kún un. Òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà ní iṣẹ́ wọn kọjá títi ilẹ̀kùn, ó ní àtúnṣe ìwà. Ó dá párólù, ìyẹn ìtúsílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀wọ̀n tó pé, àti iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Orí ìwé ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣì wà. Gbogbo ará Ọ̀yọ́ rántí alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, 2021, tí wọ́n fọ́ ọgbà Abólóńgò, tí àwọn tó lé ní 800 jáde. Ẹni tó ń retí ìdájọ́ ni wọ́n. Nígbà tí ilé bá kún fún ẹni tí adájọ́ ò tíì dá lẹ́bi, ta ló ráyè wọn ìyípadà ìwà ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi?

Ohun kejì, Ará Akẹ̀sán: ẹ má kọ orúkọ psychopath yẹn sí ibi kankan, ẹ má sọ ọ́ ní àdúgbò. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìwé àyẹ̀wò lẹ́yìn lè ba ẹni tó ti san gbèsè rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Bí ewúrẹ́ kan bá sọnù ní Akẹ̀sán, ilé yín ni wọ́n á kọ́kọ́ wá.

Ará_Akẹ̀sán

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo padà lọ. Ẹni náà ní òun ka fáìlì, wọ́n sì kọ́ òun, ṣùgbọ́n òun ò ṣe gbogbo rẹ̀ parí. Ó dára pé mo bi í.

Nǹkan míràn ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi pe bàbá lórí fóònù. Ó ní òun ti gba Jésù, ó sunkún. Ó ní kí wọ́n bá òun ta ìdajì oko kajú, kí òun fi ra ọ̀kadà méjì, òun á máa wa ọ̀kan, òun á fi èkejì sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ òun. Bàbá tó ní ìwà ò lóògùn ti ń wá oníbàárà! Mo bi í pé ọ̀rẹ́ wo. Ó ní èyí tí wọ́n jọ wà ní gáréèjì tẹ́lẹ̀.

Ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi. Bó bá tiẹ̀ kéré.

Wọ́dà_Tó_Fẹ̀yìntì

Ẹ má ta kajú.

OníSàíkọ́

Ẹ má ta kajú o!

Mi ò lè tọ́jú ẹni tí mi ò rí, ṣùgbọ́n èyí tí mo lè sọ rèé. Ẹ má bá a jiyàn bóyá ó ti gba Jésù. Bóyá ó gbà á lóòótọ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ìgbàgbọ́ náà jí ní agogo mẹ́fà kó lọ síṣẹ́. Ọ̀rẹ́ gáréèjì yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ fún mi, ó léwu ju ọ̀kadà lọ.

Ẹ fi ẹnu kò nínú ilé kó tó dé: ohun tí bàbá bá sọ, òun náà ni ẹ̀yin á sọ. Bó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, kí onítọ̀hún ní òun á bi àwọn yòókù. Kó má rí ihò. Bó bá sì ṣe ohun tó dára, kó rí èrè ẹ̀ lọ́jọ́ náà. James Newman, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Wisconsin, rí i pé nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá bá ti wà níwájú wọn, wọn kì í rí àmì ewu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ò ní dá a dúró lọ́jọ́ tí nǹkan bá wù ú. Ẹ jẹ́ kí nǹkan tó wù ú wà lọ́nà tó tọ́, kó sì súnmọ́.

Àwọn ọmọ: kó má dá wà pẹ̀lú wọn, ní tèmi, fún ìgbà pípẹ́. Kò túmọ̀ sí pé ó máa ṣe nǹkan. Ẹ kàn má fi dán an wò. Bó bá halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ ilé.

Ìyá_Ìbejì_Tákíè

Ọkọ mi ń gé búlọ́ọ̀kù. Ojoojúmọ́ ló ń sanwó fún wọn, ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá gé ni yóò gbà. Kò gba ọtí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa fi ẹkún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà tí mo bí ìbejì fún un ò rí i gbà. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní kó wá, òun á máa wò ó. Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí gáréèjì Ọ̀yọ́ díẹ̀.

Ajílété

Mo fẹ́ sọ pé ẹ ó kábàámọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èmi náà mọ ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù yẹn. N ó máa yà níbẹ̀.

Ará_Akẹ̀sán *(oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà)*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ti ń béèrè, mo ní kí n kọ díẹ̀.

Ó jáde. Bàbá ò ta kajú. Ó bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbìyànjú ìyá wa, ó gbìyànjú èmi, ó gbìyànjú àǹtí wa tó wà ní Ìsẹ́yìn pàápàá. Gbogbo wa ní a ó bi ara wa. Lẹ́yìn náà ló gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ó ń gé búlọ́ọ̀kù. Ó jà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó kúrò níbẹ̀ kó tó lu ẹni náà, Bàbá Ìbejì sì fún un ní owó ọjọ́ náà pé láìsọ ohunkóhun. Onísàíkọ́ ti rí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe rí lára ẹ̀. Ìjà búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń tú palẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ó ti yí padà. Mo ṣì ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi.

Ó wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. A jókòó síta, mo ń yọ ìdí kajú. Ó dédé bi mí pé, lọ́jọ́ tí wọ́n mú òun lọ, ṣé mo sunkún? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé? Mo wò ó. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó fẹ́ mọ̀ ni, bí ẹni ń béèrè bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ kan.

Wọ́dà_Tó_Fẹ̀yìntì

Kí lẹ dá a lóhùn?

Ará_Akẹ̀sán

Òjò ti ń ṣú. Mo ní kó bá mi kó aṣọ tí mo sá wọlé. Ó kó o.